Ẹni Tí Hashim Pa Nínú Igbó Palma

Bí ẹ bá bá Hashim ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé pépà ló gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Àdá ni, ní Mòsáńbíìkì.

Ọmọ àdúgbò Ladi-Lak ní Bàrígà, l'Ékòó, ni. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tó bá ọ̀rẹ́ kan lọ sí Palma, ìlú kékeré létí òkun, ní ìpẹ̀kun àríwá orílẹ̀-èdè náà, níbi tí àwọn òyìnbó ti fẹ́ máa wa gáàsì. Ó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀. Ilé Ìyá Zaituna, opó kan tó ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, ló ń gbé.

Ìyá yìí ló sọ fún un pé ilẹ̀ àwọn gùn débi pé ẹni tó wà ní olú-ìlú, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í gbọ́ igbe àwọn ará òkè. Ó sọ bí àwọn Pọtogí ṣe ń fi pàṣán lé àwọn òbí rẹ̀ lọ sóko òwú, àti bí ìyá rẹ̀ ṣe pọ̀n ọ́n sọdá odò Rovuma lọ sí Tanzania nígbà ogun òmìnira. Wọ́n gba òmìnira ní 1975. Kò pẹ́ tí ọmọ ìlú fi kọjú ìbọn síra wọn, ó sì gbà wọ́n lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé. Ogun yẹn ló pa ọkọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn agbébọn tó ń jà lórúkọ ẹ̀sìn ya wọ Palma lọ́sàn-án, ìbọn sì ń dún. Hashim yọjú síta, ó rí òkú méjì tí kò lórí lójú títì. Ó fa Ìyá Zaituna lọ́wọ́, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọ igbó.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin kan nínú àwọn agbébọn náà fi yọ sí wọn tòun ti àdá. Ó ṣá ìyá léjìká. Hashim nawọ́ dí àdá náà, ìka rẹ̀ méjì já bọ́. Ó fi ọwọ́ kejì gbé òkúta, ó là á mọ́ ọkùnrin náà lórí. Onítọ̀hún ṣubú. Hashim kò dáwọ́ dúró, ó ń fi òkúta náà lù ú títí ojú rẹ̀ kò fi jọ ojú èèyàn mọ́.

"Ó tó," ni ìyá wí. "Ó ti kú."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn. Ọgbẹ́ ìyá ti ń rùn kí wọ́n tó dé etí Rovuma. Ó dákẹ́ síbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó dé. Hashim àti ọlọ́kọ̀ fọwọ́ gbẹ́ iyanrìn, wọ́n sin ín.

Munirat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló gbà á sílé ní Bàrígà nígbà tó padà sí Èkó. Ọdún méjì kọjá kó tó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú igbó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí Munirat ṣe ń ṣa ẹ̀wà, Hashim ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo pa èèyàn."

Munirat gbé àtẹ ẹ̀wà náà sílẹ̀. "Ṣé ó fẹ́ pa ẹ́ ni?"

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ lù ú, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó kù, mi ò mọ̀."

Munirat kò sọ pé kò burú. Ó di ọwọ́ rẹ̀ tí kò pé ìka mú. "Ìyá ọkùnrin yẹn náà á ti máa wá a."

"Mo mọ̀," ni Hashim wí.

Láti ọjọ́ náà, òkú méjì ló máa ń tọrọ àforíjì fún ní mọ́ṣáláṣí: Ìyá Zaituna àti ọkùnrin inú igbó. Kò mọ orúkọ èkejì.