Akítọ̀ Kì Í Kú

Gbogbo ọjọ́ Sunday, tí Bàbá bá ti kírun Àìlà tán, fíìmù kan náà là ń wò ní pálọ̀ mi ní Downsview, lókè òkun níbí. Fíìmù kábọ́ì ayé àtijọ́ ni: òkè, eruku, ẹṣin, ọkùnrin kan tó dé fìlà ńlá tí kì í rẹ́rìn-ín. Tó bá ku díẹ̀ kó parí, tí ọkùnrin náà gun ẹṣin rẹ̀, tó kọjú sí orí òkè, Bàbá á tẹ rìmóòtù, wọ́n á pa á. "Ó tán," ni wọ́n á wí. Inú á bí mi. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo ìparí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́!" Wọ́n á ní kí n lọ po tíì wá.

Kí wọ́n tó bí mi ni Bàbá ti ń ṣiṣẹ́ nílé sinimá kan n'Íbàdàn. Àwọn ló ń yí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Ẹni tó bá jẹ́ akọni inú fíìmù, akítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀tá rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì. Kò sì sẹ́ni tí ò mọ̀ pé akítọ̀ kì í kú. Àfi nínú fíìmù yìí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e, tí akítọ̀ ṣubú lórí ẹṣin tí kò dìde mọ́, àwọn èèyàn fọ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n fẹ́ẹ̀ wó ilé. Ọ̀gá tó ni sinimá bá ní kí Bàbá gé ibi ikú yẹn dànù. Bàbá gé e. Láti ìgbà náà, orí òkè ni akítọ̀ ń lọ, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á gbalé wọn lọ. "N'Íbàdàn, ọkùnrin yẹn ò kú rí," ni Bàbá máa ń wí, inú wọn á dùn ṣìnkìn.

Wọ́n mọ ìtàn iṣẹ́ òṣèré tó ṣe akítọ̀ yẹn bí ẹni mọ oríkì ilé ẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí gbogbo èèyàn pè é. Yúróòpù ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo aṣálẹ̀ yẹn wà. Kó máa já bọ́ lórí ẹṣin dípò àwọn òṣèré ńlá ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíì ló ń sọ ọ́ sí i lẹ́nu. "Wo ẹnu ẹ̀," Bàbá á wí, "ó ti pa ẹnu dé, ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde." Nígbà tí fíìmù kábọ́ì ò tà mọ́, ó ṣe ọlọ́pàá, ó ṣe bàbá ìyàwó, ó wá di arúgbó tó ń polówó kọfí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń wá gbogbo ẹ̀ jáde fún wọn. Oakville ló ń gbé, níbi tó ti ń to ẹ̀yà mọ́tò pọ̀ nílé iṣẹ́. Tó bá di Sunday, á wá jókòó ti Bàbá, àwọn méjèèjì á máa jiyàn bí ọmọdé lórí èyí tó dùn jù. Èmi á máa pariwo láti kíṣìnì pé kí wọ́n dín ariwo kù, aládùúgbò máa fẹjọ́ sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi dé láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sùn, kò jí mọ́. Ayé o! Àìsàn kankan ò ṣe é. Ọjọ́ kejì la sin ín, nínú yìnyín. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún Bàbá, ọsibítù ni wọ́n ṣì wà, dókítà sì ní wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tó máa já wọn láyà, ó lè pa wọ́n. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí pè wá jókòó, wọ́n ní baba kì í mọ ojú oórì ọmọ. Kí la fẹ́ ṣe? A sọ fún Bàbá pé wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣiṣẹ́ ní Alberta tó jìnnà réré, kò ráyè wá. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Newmarket, tí ohùn tiẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n mi jọ bíi ti ìbejì, ló wá ń pè lórí fóònù mi ní gbogbo Sunday bíi pé òun ni ẹ̀gbọ́n mi. "Bàbá, ṣé ara le? Òtútù ibí pọ̀ o." Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, á tún pè mí, á máa sunkún. Èmi á bú u pé kó ṣe ọkùnrin. Ta ló wá máa bú èmi, tí mo máa ń ṣí omi sílẹ̀ ní balùwẹ̀ kí Bàbá má baà gbọ́ ẹkún mi?

Ìjókòó ẹ̀gbọ́n mi ṣófo, Bàbá ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Wọ́n ṣì ń bá a jiyàn. "Ìwọ wò ó," wọ́n á wí sí àga lásán. Bí ilẹ̀kùn bá dún, àyà mi á já, àfi bíi pé òun ló dé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé Bàbá kì í béèrè ìgbà tó máa dé.

Ní Sunday kan, àbúrò mi pè, wọ́n sọ̀rọ̀ tán, Bàbá ní "O ṣé." Wọ́n tan fíìmù. Akítọ̀ gun ẹṣin, ó kọjú sí òkè. Mo ń retí "Ó tán." Rìmóòtù wà lórí itan wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ìbọn dún. Akítọ̀ ṣubú, fìlà rẹ̀ yí lọ, ẹṣin dúró tì í.

"Bàbá, ẹ pa á!"

"Jẹ́ kó parí."

Ó parí. Bàbá ò wojú mi. "Èmi ni mo gé e nígbà yẹn," ni wọ́n wí. "Mo mọ ibi tí wọ́n bá ti gé nǹkan. Ìgbà wo ló kú?"

Mo wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Irọ́ ò jáde lẹ́nu mi mọ́. "Ó ti ń lọ bí oṣù mẹ́ta, Bàbá."

"Ṣé ó jẹ̀rora?"

"Rárá o. Ojú oorun ni."

"Àlùhámúdùlílàhì." Omijé ń ṣàn sínú irùngbọ̀n wọn. "Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin..." ni wọ́n sọ, wọn ò lè parí ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé wọn láyà, lórí ojú ọgbẹ́ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọkàn wọn ń lù kìkìkì, àmọ́ ó ń lù.

Wọ́n ní kí n pe àbúrò mi. Ó gbé e, ó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn Alberta.

"Ó tó," Bàbá wí. "O ṣeun, ọmọ mi. O gbìyànjú. Fi ohùn tìẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Ó bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré. Bàbá di fóònù mú mọ́ etí, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n ń mi orí.

"Ẹn-ẹ́n," ni wọ́n wí. "Ohùn ẹ nìyẹn."