Ilé Ìwé Tí A Kọ́ Sí Oko

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ abúlé wa, kì í ṣe òórùn kòkó tí a sá síta, kì í sì í ṣe ti ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi. Lẹ́yìn Àkànràn lọ́hùn-ún ló wà, níbi tí ọkọ̀ kì í fẹ́ dé bí òjò bá ti rọ̀. Ilé alámọ̀ ni gbogbo ilé ibẹ̀, àfi ilé ìwé nìkan ló jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù. Bàbá mi ló mọ búlọ́ọ̀kù náà. Bí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ bá pé, àwọn obìnrin á ru yanrìn láti odò, àwọn ọkùnrin á pò ó, bàbá mi á sì máa kì í sínú àpótí onípákó tí wọ́n kàn fúnra wọn. Títí bàbá mi fi darúgbó, sìmẹ́ńtì ò kúrò ní èékánná wọn tán.

Kó tó di pé a kọ́ ọ, abẹ́ àtíbàbà ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá nígbà náà, èmi nìkan sì ni tíṣà. Ìyá àdúrà tó ni àtíbàbà náà fẹ́ràn wa, àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a gbọ́dọ̀ gbá èédú tí a fi ń kun pátákó ìkọ̀wé kúrò nílẹ̀ pátápátá, nítorí pé aṣọ funfun ni wọ́n máa fi kúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ tí a kó wọ inú ilé búlọ́ọ̀kù, ìyá náà ló jó jù.

Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi, o mọ bí ọ̀rọ̀ oko àti ilé ṣe rí láàárín wa. Èèyàn lè gbé abúlé fún ogójì ọdún, kó bímọ síbẹ̀, kó gbọ́mọ-ọmọ pọ̀n síbẹ̀, bí o bá ní ilé rẹ̀ dà, agbo ilé tó wà nígboro ló máa dárúkọ fún ọ. Ibẹ̀ ló máa kọ́ ilé gidi sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa sin ín sí. N ò rí àléébù kankan nínú rẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n ṣe bí mi bá a nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo tí a ń wá ni kí ìjọba gba ilé ìwé náà, kí wọ́n sì kó olùkọ́ wá. Bí wọn ò bá gbà á, kò síbi tí àwọn ọmọ ti máa ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà, èmi náà ò sì lè máa dá kọ́ kíláàsì mẹ́fà lọ láéláé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Òní, ọ̀gá ò sí. Ọ̀la, fáìlì ò sí. Nígbà tí lẹ́tà wá dé pé alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wá ka iye ọmọ tó wà níbẹ̀, mo sunkún ayọ̀. A fi ẹfun kun ògiri, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe máa dìde kí àlejò.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà ni mógàjí, olórí agbo ilé wa nígboro, papò dà. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kú gan-an, bí ẹ̀sìn Mùsùlùmí ṣe wí, àdúrà ọjọ́ kẹjọ wá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tí alábẹ̀wò ń bọ̀. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n bá wa sún un síwájú. Akọ̀wé ibẹ̀ ní bí a bá sún un, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo padà sábúlé, mo kúnlẹ̀ níwájú baálẹ̀ àti àwọn àgbà, mo ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n ṣáà fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún mi di ọ̀sán. Baálẹ̀ ò jágbe mọ́ mi. Wọ́n ní, “Tíṣà, àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ilẹ̀ ìdílé là ń dáko sí. Ẹni tí wọn ò bá rí tòun tọmọ lọ́jọ́ náà, wọ́n á ní kò sí nínú ìdílé mọ́. Ilé ìwé ò ní sá lọ.”

Mo wo ojú bàbá mi, mo rò pé wọ́n á gbè mí. Àwọn tó mọ búlọ́ọ̀kù! Wọ́n ń họ èékánná wọn, wọ́n ní, “Ṣé kí wọ́n wá máa bi mí pé àwọn ọmọ mi dà?” Inú bí mi, mo dìde kúrò níbẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù méjì kó gbogbo abúlé lọ. Àwọn ọmọ tí mo ti kọ́ ní ìkíni ń juwọ́ sí mi látorí ọkọ̀, inú wọn ń dùn. Mo lu rímù ọkọ̀ tí a fi ń ṣe agogo, mo lù ú bíi pé wọ́n ṣì lè gbọ́ kí wọ́n padà. Ọmọ mẹ́ta ló wá: tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ ọkùnrin Àgàtú kan tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tó ń bá àwọn bàbá wa ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó. Wọn ò ní agbo ilé kankan tí wọ́n máa lọ. Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n sì dìde kí àlejò gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn.

Ìyá kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni alábẹ̀wò náà. Wọ́n yí ilé náà po, wọ́n fọwọ́ kan ògiri, wọ́n ní iṣẹ́ dáadáa ni. Wọ́n wá bèèrè àwọn ọmọ yòókù. Mo ní wọ́n lọ ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ nílé. Wọ́n ní níbo ni ilé, mo ní Ìbàdàn. Mo nawọ́ rẹ́jísítà sí wọn, wọn ò gbà á.

“Tíṣà, ẹ má bínú,” ni wọ́n wí. “Tó bá jẹ́ pé ìgboro ni ilé wọn, ìgboro náà ló yẹ kí ilé ìwé wọn wà. Mẹ́ta ni mo rí, mẹ́ta ni mo máa kọ.”

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu nìyẹn. Nígbà tí àwọn ará abúlé dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ẹran àdúrà bọ̀ fún mi nínú ọ̀rá. Wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n bú alábẹ̀wò, wọ́n bú ìjọba pé kò fẹ́ràn mẹ̀kúnnù. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní, “Àwa la fà á.” Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó sì ń dùn mí di òní. Ẹran yẹn, n ò jẹ ẹ́. Mo fi ọdún kan sí i kọ́ wọn, kò sí olùkọ́ tó wá, mo bá kó lọ sí Olódò létí ìgboro. Àwọn tó lágbára kó ọmọ wọn lọ sígboro. Ilé ìwé wá di ibi tí wọ́n ń kó àpò gààrí sí.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi kú sí abúlé yẹn. A gbé wọn sínú ọkọ̀ pé ká tètè máa lọ. Bí a ṣe dé iwájú ilé ìwé, ọkùnrin kan ń ro àgbàlá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń kó koríko. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ Àgàtú mẹ́ta ọjọ́sí ni. Ó ju àdá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Tíṣà. Níbo lẹ ń gbé bàbá lọ?”

Mo ní, “Ilé.”

Ó wo ògiri tí bàbá mi mọ, ó wo ọkọ̀ wa. Ó ní, “Mo rò pé ibí ni ilé wọn.”

Gbogbo ọdún tí mo fi ń bínú sí àwọn bàbá yẹn, ohun tí wọ́n ń wí náà ló ti ẹnu mi jáde, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. A kọ́ ilé ìwé síbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbà pé òun ń gbé, a wá ń bínú pé ìjọba ò rí wa níbẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti gbé àdá rẹ̀, ó ń ro àgbàlá náà lọ.