Ọ̀kọ̀ Eegun Ọlọ́wọ́ Òsì

Ní etíkun olótùútù tí Túwákipa ń gbé, obìnrin ló ń wa ọkọ̀ ojú omi, ọkùnrin ló ń ju ọ̀kọ̀. Túwákipa mọ̀ ọ́n wà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ásenjis, ọkọ rẹ̀ kejì, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀kọ̀ jù, ojoojúmọ́ ni ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Òkun ló gbé ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Wọ́n dáná sun gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, nítorí ẹrù òkú kì í gbélé lọ́dọ̀ tiwọn, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Lọ́dún yìí, òtútù mú kọjá bẹ́ẹ̀, oúnjẹ sì tán pátápátá. Kélis, ọmọbìnrin Túwákipa, ò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Inú ahéré ni ìyá ọmọ wà tí Ásenjis fi figbe ta létí omi.

“Ìyá Kélis! Sáré wá! Kìnnìún òkun rèé!”

“Ìwọ lo pa á ni, àbí ó rí ẹ, ó rẹ́rìn-ín kú?”

“Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀. Mo kàn bá a níbí ni.”

Ẹran ńlá inú omi náà ti kú, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ẹnu ọ̀kọ̀ kan wà ní ìhà rẹ̀, eegun àbùùbùtán tí wọ́n fi òkúta ha títí ó fi ń dán. Túwákipa bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì dá a mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi ọwọ́ òsì gbẹ́ eegun létíkun yẹn, tí ìwọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ rẹ̀ fi máa ń wà ní òdìkejì ti gbogbo èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dáná fún un bó bá ń gbẹ́ ẹ, kó tó di pé òkun gbé e lọ.

Okùn awọ tó so mọ́ eegun náà gba orí òkúta wọnú omi lọ. Kò sí ọkọ̀ kankan lójú òkun. Síbẹ̀, okùn náà le gbagidi, ó sì ń fa ẹran náà padà díẹ̀díẹ̀.

“Ta ló ń fà á?” Ásenjis rọra béèrè.

“Má bi mí. Dì í mú!”

Wọ́n fà á, fà á, ohun tó wà nísàlẹ̀ náà ń fà á. Bí òkun bá gba ẹran yìí lọ́wọ́ wọn, Kélis ò ní rí ọ̀la. Túwákipa mú ìkarawun mímú, ó gé ẹran yí eegun náà ká, ó sì fà á yọ.

“Jù ú síná!” Ásenjis kígbe. “Ẹrù òkú ni. Sun ún, kó lè fi wá sílẹ̀!”

Òótọ́ ló sọ, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n okùn náà rọra fa ọwọ́ Túwákipa lẹ́ẹ̀kan, bí ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe máa ń fà á létí aṣọ awọ tó bá ń tọrọ oúnjẹ. Àárò rẹ̀ sọ ọ́.

Ó la àtẹ́lẹwọ́. Eegun náà wọ́ lórí òkúta, ó sì wọnú omi lọ.

“Ṣé orí ẹ dàrú ni? Kí ló dé tó o dá a padà fún un?”

Túwákipa ti ń gé ẹran fún ọmọ rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

“Ebi ń pa òun náà,” ló wí.