Ìyá Àbíjàn Tó Ń Fi Ẹsẹ̀ Ṣí Fóònù

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ nípa ọjọ́ tí Ìyá Àbíjàn bọ́ bàtà níwájú akọ̀wé tó ń forúkọ síìmù sílẹ̀. Èrò tò lọ bẹẹrẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Èjìgbò, oòrùn sì ti ń mú. Nígbà tó kan ìyá, akọ̀wé ní kó gbé ìka lé ẹ̀rọ. Ó gbé e lé e, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìborùn, ó tún gbé e lé e, ẹ̀rọ ò mira. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n dán wò, ẹ̀rọ ò dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn.

Akọ̀wé ní, "Màmá, ìlà ọwọ́ yín ti pa rẹ́. Irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó láti ogójì ọdún. Òun ló gbé ìlà náà lọ." Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ló bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé ẹsẹ̀ ka orí tábìlì. "Ó yá, ẹ tẹ èyí. Fóònù mi náà ò mọ ọwọ́ mi, àmọ́ tó bá ti rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, kíá ló ń ṣí."

Akọ̀wé sún àga sẹ́yìn, ó ní ìjọba ò gba ẹsẹ̀. Ìyá Àbíjàn wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé ìjọba wá gbọ́n ju fóònù lọ ni?"

Nùsírátù lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọgbọ̀n ọdún ló lò ní Àbíjàn, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se àtìẹ́kẹ́, ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n ta epo díẹ̀ sí, tí wọ́n wá fi ooru omi sè. Nígbà tó padà wálé, ó ń sè é fún àwọn tó ti Àbíjàn dé bíi tiẹ̀, tí ẹnu wọn ò gbàgbé adùn rẹ̀. Masifa ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tó yá, oníbàárà dé láti Ọ̀ṣogbo, Mùbárákà ọmọ rẹ̀ sì ní ó tó àkókò kí ìyá òun ra fóònù Áńdíróìdì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá fi ná fóònù ọ̀hún ní ṣọ́ọ̀bù Jamaldeen. Lọ́jọ́ kìíní, ó bèèrè iye, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó dání. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé pé, "Ẹ fara balẹ̀ o, èmi àti ẹ̀ ò tíì parí ọ̀rọ̀." Títí di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ẹnikẹ́ni ò ra nǹkan kan. Iye tí ìyá bá wá ni Jamaldeen padà gbà, ó fi àpò fóònù kún un, ó sì bá a gbé àpótí dé ilé. Títí dòní ló ń sọ pé òun ò ta fóònù fún Ìyá Àbíjàn, ẹnu ọ̀nà òun lòun rà padà.

Jamaldeen yìí kan náà ló bá a to fóònù náà kó lè máa lò ó. Ó bi í pé, "Màmá, ṣé kó máa sọ Òyìnbó ni àbí Yorùbá?"

"Faransé."

"Ẹ̀n? Àwa tá a máa bá yín tún un ṣe ò gbọ́ Faransé o."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa lò ó ni?"

Bó ṣe di Faransé nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti ṣe ségesège, kì í gbé e lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tó ti gbé Buàké rí, lórílẹ̀-èdè tí Àbíjàn wà, ló ń gbé e lọ. Mẹkáníìkì á jáde lábẹ́ mọ́tò, á nu ọwọ́, á ka ohun tí fóònù wí, á sì padà sábẹ́ mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ pásíwọ̀ọ̀dù ló fẹ́ẹ̀ dìjà. Jamaldeen ní kó mú ọ̀rọ̀ kan tí kò lè gbàgbé. Ó ní Wúràọlá, orúkọ ìyá òun. Jamaldeen tẹ̀ ẹ́, fóònù kọ̀.

"Ó ní kò lágbára tó, Màmá."

"Ta ni kò lágbára?" Ìyá Àbíjàn ti dìde. "Ìyá mi tó bímọ mẹ́sàn-án, tó ń ru iṣu láti Isundunrin wá sọ́jà tòun ti oyún nínú? Ní kó tún un sọ!"

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kì í fi í ṣẹ̀fẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ Rùkàyyàt àbúrò rẹ̀. Ọdún tí ogun dé sí Àbíjàn, àwọn méjèèjì ló di ẹrù láti máa bọ̀ nílé. Nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra, Rùkàyyàt sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ò lè fi sàréè ọkọ òun sílẹ̀. Ìbínú àti ìbẹ̀rù gbé Nùsírátù, ó ní, "Tó o bá dúró, má pè mí lẹ́gbọ̀n-ọ́n mọ́." Rùkàyyàt dúró, kò sì pè é. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko.

Àfìgbà tí Mùbárákà kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé fídíò àtìẹ́kẹ́ sórí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù. Lọ́jọ́ kejì, Mùbárákà ń ka orúkọ àwọn tó ti wò ó sí i létí: Jamaldeen, Tíṣà Hadassah tó ń ra àtìẹ́kẹ́ láti Ọ̀ṣogbo, Tántì Rùkàyyàt.

"Ta lo pè yẹn?"

Mùbárákà ò lè purọ́. Ó ti pẹ́ tó ti fi nọ́ńbà àbúrò ìyá rẹ̀ síbẹ̀, tó sì ti fún un ní tìyá. Ìyá yíjú sí ìkòkò rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kì í ṣe fídíò láìwé gèlè mọ́.

Láràárọ̀, Rùkàyyàt ló ń kọ́kọ́ wò ó, kò sì ní sọ nǹkan kan. Nígbà tó pé oṣù méjì, sùúrù tán. Ìyá Àbíjàn kọjú sí fóònù nínú fídíò àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ìwọ tó ò ń wò mí lójoojúmọ́ tó ò kí mi, mo rí ẹ o!"

Kó tó di ọ̀sán, ilé ti kún. Jamaldeen wá dọ̀bálẹ̀. Hadassah ránṣẹ́ láti Ọ̀ṣogbo pé kí Màmá má bínú, iṣẹ́ ilé ìwé ló pọ̀. Mẹkáníìkì gbé adìyẹ wá. Gbogbo ayé ló wá kí i lọ́jọ́ náà, àfi ẹni tó ń bá wí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ohùn kan wọlé sórí fóònù, kúkúrú báyìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, epo tẹ́ ẹ dà sí i yẹn ti pọ̀ jù."

Ìyá Àbíjàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀gẹ́. Ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́. Mùbárákà ní nígbà ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá lòun ò kà á mọ́. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó tẹ fóònù, ó fèsì. "Epo ò pọ̀ jù. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Ọdún Iléyá ni Rùkàyyàt dé. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní wọn ò sọ̀rọ̀ ogun, wọn ò sọ̀rọ̀ sàréè. Wọ́n dì mọ́ra wọn títí, wọ́n sì lọ sídìí ìkòkò lọ jiyàn epo. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n tún fi jọ wà, tí Rùkàyyàt ń lọ, tó ń bọ̀, tí iyàn náà ò sì parí.

Lọ́yẹ́ tó kọjá, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ mú Ìyá Àbíjàn lọ. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bí ẹnì kan bá ti sọ tirẹ̀ tán, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi etí aṣọ nujú.

Rùkàyyàt ti kó wá sílé pátápátá báyìí, òun ló sì ń gbé nọ́ńbà náà. Nígbà mìíràn, ẹni tí kò tíì gbọ́ á pè láti ọ̀nà jíjìn, á ní òun fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀. Rùkàyyàt á fa àpótí, á jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n," á wí. "Ẹ wá ibì kan jókòó sí, kí n sọ fún yín nípa wọn."