Ìyá Àgbà Tó Ń Bá Ọmọ Sọ̀rọ̀ Tirẹ̀

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni èmi àti ìyá àgbà mi gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ ọmọdé lọ́rọ̀ sísọ ní Ìjerò, nítorí ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta, kò sì tíì sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà, tí a ń pè ní màmá, ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí ní Àrámọkọ, kì í sì í jẹ́ kí ìbéèrè pẹ́ nílẹ̀. Bí aládùúgbò bá kí ọmọ yìí, màmá á ní, "Ó ní ẹ káàárọ̀, mà." Bí ọmọ bá kàn wo ìkòkò, "Ó ní ẹran tẹ́ ẹ bù fún òun kéré."

Olùkọ́ náà gbé bọ́ọ̀lù sókè. "Ọkọ mi, kí nìyí?"

Ọmọ la ẹnu, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́.

"Bọ́ọ̀lù ni!" Màmá ti nawọ́ sókè.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀."

"Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ká máa lọ ulé."

Ọmọ pa ẹnu dé. Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí pé mo rẹ́rìn-ín, nítorí ẹkún ló ń gbọ̀n mí.

Olùkọ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Bí màmá kò bá lè dákẹ́ dúró dè é, ọmọ yìí kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ bá wọn sọ ọ́."

Mo gbìyànjú lánàá. "Màmá, olùkọ́ yẹn ní..."

"Ó ní mo ń gbìyànjú. Mo mọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni kí n rán sí màmá tí wọ́n á jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán?