Síléètì Kẹta

Òórùn ọ̀rá tuntun ni mo fi ń rántí yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa ní Sùúrùlérè. Àwọn ará ìjọba gbé kọ̀ǹpútà wá pẹ̀lú ariwo àti fọ́tò, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sára ògiri, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá àgbà wa ti fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí, kó wo àwọn ẹ̀rọ náà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn wá láti ilé ìtajà, kó sì jáde. Àwọn alábẹ̀wò nìkan ló ń wọlé. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n tìtorí wọn ra ẹ̀rọ náà a máa fi imú mọ́ gíláàsì fèrèsé, títí tí èémí wọn yóò fi bo ojú gíláàsì náà.

Èmi ni olórí ẹ̀ka ìṣirò nígbà náà. Mo ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan ń gba odidi yàrá, tí à ń fi páálí oníhò bá a sọ̀rọ̀, tí ihò kan tó bá ṣì yóò sì ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Nínú gbogbo olùkọ́ ilé-ìwé yẹn, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ń lọ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Mo ń fẹnu ara mi sọ ọ́ nítorí pé láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó bá mi sọ ọ́.

Mo tọ ọ̀gá àgbà lọ pé kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lásìkò ìsinmi gígùn, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ tó bá wù láti wá. Mo ju obìnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì fi ipò tó yẹ kó jẹ́ tèmi fún un. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí nígbà tó bá fẹ́ já mi kulẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ káwọn ọmọ yìí bá mi ba nǹkan ìjọba jẹ́. Táwọn alábẹ̀wò bá dé tí wọ́n rí i pé ọ̀rá ti ya ńkọ́?”

“Ṣé ọ̀rá ni wọ́n fẹ́ wá wò?”

“Ẹ ò rí i? Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín.”

Bí mo ṣe kó àwọn ọmọ náà wá sí àgbàlá ilé mi nìyẹn. Ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ mi ti wà lókè òkun, ilé náà sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ bí ẹ̀rọ omi-dídì ṣe ń mí ní kíṣìnnì. Mo ń sọ fún gbogbo èèyàn nígbà náà pé nítorí ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ ni mo ṣe ń ṣe é. Bí mo bá wẹ̀yìn wò báyìí, mo mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ ni kí ariwo lè wà nínú àgbàlá mi.

Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Síléètì àtijọ́ ni mo rí kó jọ láti ilé-ìkẹ́rùsí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, irú èyí tí wọ́n fi kọ́ èmi gan-an ní ábídí. Àwọn ọmọ náà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ìyá àgbà lèyí. Agùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ wọn ní físíìsì ní ilé-ìwé wa ló bá mi kó síléètì náà wálé. Ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni, ó sì ní kámẹ́rà kékeré kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàǹga, ó ń ya fọ́tò.

Báyìí ni eré náà ṣe rí. Àwọn ọmọ yóò tò, oníkálukú pẹ̀lú síléètì tí a kọ nọ́ńbà sí. Ọmọ kan yóò jẹ́ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to nọ́ńbà náà láti kékeré dé ńlá, nípa pípààrọ̀ nọ́ńbà ẹni méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá nǹkan kan rò. Ohun tí mo bá pè nìkan ni yóò ṣe. Síléètì kò sì gbà ju nọ́ńbà kan lọ: kó tó kọ tuntun, yóò nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ kan tó ń ti Mùṣín wá, tí ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ ilé-ìwé, ló ṣe kọ̀ǹpútà. Mẹ́sàn-án wà lọ́wọ́ òsì, mẹ́rin wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo pè é: “Kọ nọ́ńbà òsì sí síléètì ọ̀tún. Kọ nọ́ńbà ọ̀tún sí síléètì òsì.” Bí mo ṣe pè é tán ni mo mọ̀ pé mo ti ṣì í. Bó bá ti kọ mẹ́sàn-án sí ọ̀tún, mẹ́rin ti pa rẹ́ nìyẹn. Méjèèjì yóò wá di mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo síléètì, mẹ́rin wà lósì, mẹ́sàn-án wà lọ́tùn-ún, gbogbo wọn sì ń wo ilẹ̀.

“Níbo lo ti rí mẹ́rin?”

“Mo rántí rẹ̀ ni, mà.”

“Ta ló ní kí o rántí?”

Ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé ẹ gbàgbé ni.”

“Mo gbàgbé lóòótọ́. Kí ló dé tí o kò sọ?”

Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nílé nìyẹn: bí àgbà bá ṣe àṣìṣe, a ó rọra bá a tún un ṣe kí àlejò tó rí i, a ó sì ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó dìde. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bo àṣìṣe ìyá wọn nílé, ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò gba ẹ̀kọ́ ilé rí. Bí mo bá ṣì í sọ, kí wọ́n ṣe é ní ṣíṣì, kí n lè fi ojú ara mi rí ohun tí mo sọ. Bí mo bá bínú, kí wọ́n dá mi lóhùn pé, “Mà, bí ẹ ṣe sọ ni mo ṣe.”

Háà, inú wọn dùn! Wọn kò tíì rí ibi tí wọ́n ti lè dá àgbà lóhùn báyẹn láìjẹ ìgbátí. Wọ́n gbé gbólóhùn náà dé ẹnu géètì, wọ́n ń fi bá ara wọn ṣeré. “Ṣebí mo ní kí o ra omi.” “Mo rà á. O ò sọ pé kí n má mu ún. Bí o ṣe sọ ni mo ṣe!” Mo ń gbọ́ wọn láti inú ilé, mo ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọn kò ti lè rí mi. Níwájú wọn, n kì í rẹ́rìn-ín. Mo rò nígbà náà pé bẹ́ẹ̀ ni iyì tíṣà ṣe máa ń dúró.

Àtúnṣe àṣìṣe mi ni síléètì kẹta. Ẹnì kan yóò dúró lápá kan pẹ̀lú síléètì òfìfo, a ó kọ́kọ́ da nọ́ńbà kan kọ sí i kó bá wa tọ́jú rẹ̀, kí àwọn méjì tó kù lè pààrọ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ tán, a ó nù ún. Ọmọ ará Mùṣín náà bi mí pé níbo ni síléètì kẹta máa ń wà nínú èsì. Mo ní kò sí níbẹ̀. Bó bá ti ṣiṣẹ́ tán, kò sẹ́ni tó tún ń wò ó. Nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ mú un nínú wọn, kí ó má bàa dá nìkan dúró. Èmi ni mo máa ń mú un.

Ebi máa ń pa wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ń fẹsẹ̀ rìn wá. Nítorí náà mo máa ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. N kò mọ̀ ọ́n sè. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ níta, yóò jóná, wọn yóò sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní mo mọ ohun tí ìrẹsì yẹn yóò fojú mi rí, gúgúrú ni ǹ bá máa fún wọn.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọkùnrin agùnbánirọ̀ náà ti parí iṣẹ́ ìsìn rẹ̀, ó sì ti dọ̀rẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní àwọn kan fẹ́ fún wa ní yàrá àti kọ̀ǹpútà gidi. Mo ní kó gbé ètò náà lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n pé èmi ni n ó máa kọ́ wọn ní Sátidé. Ó ní, “Ta ni ì bá tún kọ́ wọn, mà?” Sátidé àkọ́kọ́, mo gbé síléètì mi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ojúẹlẹ́gba. Ọkùnrin náà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbà mí lẹ́rù, ó mú mi gba ẹ̀yìn kọjá lọ sí kíṣìnnì. “Mà, ẹ̀yin ti ṣe tiyín. Àwọn ọ̀dọ́ ti wà nínú kíláàsì. Ẹ kàn bá wa bójú tó oúnjẹ.” Mo gbé síléètì mi, mo padà sílé. Kò sẹ́ni tó wá bi mí pé kí ló dé.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin kan pè mí lórí fóònù pé wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún ètò náà, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pésẹ̀. Mo rán aṣọ tuntun. Mo tún ronú ọ̀rọ̀ tí n ó sọ bí wọ́n bá gbé máìkì fún mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ kí n tó kú: kí ẹnì kan dúró níwájú èèyàn kó pè mí ní tíṣà.

Gbọ̀ngàn náà tutù bíi yàrá kọ̀ǹpútà ọ̀gá àgbà wa. Ọkùnrin agùnbánirọ̀ náà ti yọkùn, ó sọ ìtàn bí òun ṣe ń fi síléètì kọ́ ọmọ nínú àgbàlá kan ní Sùúrùlérè. Fọ́tò hàn lára ògiri. Àwọn ọmọ mi ni, àgbàlá mi ni, n kò sì sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn. “Màmá wa rèé, tí ń se ìrẹsì fún wa! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá Jọ̀lọ́ọ̀fù!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ ará Mùṣín náà wà ní ìjókòó iwájú, ó ti di obìnrin pàtàkì, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ètò náà báyìí. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. Ó mọ òtítọ́. Ó tún yíjú padà, ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń bo àṣìṣe àgbà. Mo bínú sí i ju bí mo ṣe bínú sí ọkùnrin náà lọ, mo sì ń bínú sí i títí di òní.

Wọ́n wá ní kí ọkùnrin náà fi eré síléètì han àlejò. Ọmọbìnrin kékeré kan ni wọ́n fi ṣe kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà gbé máìkì, ó pè é tayọ̀tayọ̀: “Kọ nọ́ńbà òsì sí ọ̀tún. Ó yá, kọ ti ọ̀tún sí òsì.”

Kò sí ẹnikẹ́ni lápá kan. “Síléètì kẹta!” ni mo pariwo láti orí ìjókòó mi.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó àlejò sáré wá bẹ̀rẹ̀ sétí mi. “Màmá, ẹ má bínú, oúnjẹ ń bọ̀.”

Ọmọ náà ti kọ ọ́ tán. Ó gbé síléètì méjèèjì sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí i. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára méjèèjì.

“Háà, kí lo ṣe yìí?” ni ọkùnrin náà wí. “Ṣé o ò mọ ohun tí mo ní lọ́kàn ni?”

“Sà, bí ẹ ṣe sọ ni mo ṣe.”

Gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó ń nu iwájú orí nínú òtútù yẹn. Obìnrin ìjókòó iwájú kò rẹ́rìn-ín. Kò gbórí sókè.

Nígbà tó yá, mo wá ọmọ náà kàn lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn.

“Àǹtí tó ń kọ́ wa ni, mà. Wọ́n ní tíṣà àwọn ló kọ́ àwọn.”

“Irú tíṣà wo?”

“Wọ́n ní ó le gan-an, kì í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n ní tó bá ti kọ́ ẹ ní nǹkan, o ò ní gbàgbé ẹ̀ láé.”

“Níbo ni tíṣà náà wà báyìí?”

Ó gbé èjìká. “Mi ò mọ̀, mà. Bóyá ó ti kú.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé ike ìrẹsì lé mi lọ́wọ́. Ojú ọmọ náà là. “Ẹ̀yin lẹ se ìrẹsì nígbà yẹn, àbí? Ẹ ṣeun o, mà.” Ó kúnlẹ̀ dáadáa. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: Èmi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti ń retí látẹnu ẹlòmíràn láti ọjọ́ yìí wá, kí ni n ó fi ṣe bí ó bá tẹnu tèmi jáde?

“Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé ó máa ń jóná?” ni mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Obìnrin ará Mùṣín náà kò tíì pè mí. Ẹ̀rọ omi-dídì ṣì ń mí ní kíṣìnnì. Mo ti fún àwọn ọmọ àdúgbò ní síléètì yòókù, àyàfi ọ̀kan tó wà lójú fèrèsé, èyí tí mo máa ń mú fúnra mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì àjọ̀dún náà, mo wá ṣọ́ọ̀kì, mo kọ mẹ́rin sí i. N kò tíì nù ún.