Obìnrin Tó Tú Ẹ̀rọ Géèmù Níwájú Ìgbìmọ̀

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́nwòó fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan. Lọ́jọ́ Ajé kan, ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ níbẹ̀ dákú. Ọkùnrin mẹ́ta dúró yí i ká, wọ́n ní ó ti parí, àfi kí ọ̀gá ra òmíràn. Obìnrin yìí dìde lórí àga rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó." Ó fi ìdí bírò fa bébà kan tó ti rún wómúwómú yọ lábẹ́ táyà kékeré inú rẹ̀, ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìwé jáde. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ìnagijẹ yẹn ti mọ́ ọn lára.

Kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó fi gbogbo Sátidé ọdún méjì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, lẹ́yìn náà ó fi ọ́fíìsì sílẹ̀, ó gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀. Ó gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e kí nọ́ọ̀tì tó bá bọ́ lè hàn kedere, ó sì ń to àwọn nọ́ọ̀tì náà sínú kíréètì ẹyin, kálukú nínú ihò tirẹ̀. Kò sí ohun tí kì í tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ géèmù ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yá, ṣùgbọ́n kì í tàsé.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni Bàbá Onírélùwéè, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú irin. Kò tíì pé ọdún méjì tó fẹ̀yìn tì tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi mú un, tí apá ọ̀tún rẹ̀ kú. Nọ́ọ̀sì tó ń bá a na apá ní kó wá nǹkan tí yóò máa mú ìka rẹ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ra ẹ̀rọ géèmù fún un, pẹ̀lú àwo géèmù bọ́ọ̀lù kan. Bàbá kọ́kọ́ bínú pé ṣé òun ti wá dọmọdé ni. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́fà, ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ de bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó sì ti ń bú rẹfirí inú tẹlifíṣọ̀n.

Àfi bí ẹ̀rọ náà ṣe ṣàdéédé kọ̀, tí kò ka àwo mọ́.

Jẹ́nwòó tú u. Ojú iná tó fi ń ka àwo ló ti kú. Kò ka ìyẹn sí ìṣòro, torí ó ní irú ẹ̀rọ kan náà nílẹ̀ tí iná ti jó bọ́ọ̀dù rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yà tó ń ka àwo rẹ̀ ṣì dára. Ó yọ tọ̀hún, ó fi sí ti Bàbá, ó dè é, ó tan án. Ọ̀rọ̀ kan hàn lójú tẹlifíṣọ̀n: "A kò dá ẹ̀yà yìí mọ̀. Ẹ kàn sí ilé-iṣẹ́ wa." Ó tún un tú lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó tún un dè. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ.

Ó pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Obìnrin tó gbé fóònù fi ohùn dídùn dá a lóhùn pé kí oníbàárà náà ra ẹ̀rọ tuntun.

"Ẹ̀yà tí mo fi sí i, ẹ̀yin náà lẹ ṣe é," ni Jẹ́nwòó wí.

"Òótọ́ ni mà. Àmọ́ láti ilé-iṣẹ́ la ti so ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò lè bá òmíràn ṣiṣẹ́."

"Ẹ bá mi tú ohun tí ẹ fi so ó."

"A kì í tú u fún ará ìta, mà."

Nígbà tí Bàbá gbọ́, kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé tábìlì, ìka ọwọ́ náà sì ti tún ń ká kò. "Ọmọ mi," ó ní, "ọkọ̀ ojú irin tí mo wà, ti ìjọba ni. Síbẹ̀ bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá tú, èmi ni mò ń dè é. Èyí tí ọmọ mi rà fún mi yìí ni wọ́n wá ní a ò gbọdọ̀ tún ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jẹ́nwòó lákínyẹmí ara. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ fẹjọ́ ilé-iṣẹ́ náà sùn ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà.

Télọ̀ gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ mi, ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ṣé o fẹ́ fi orí gbá ògiri ni?"

"Bàbá wọn, mi ò gbá ògiri. Ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ kàn."

Ó jókòó, ó tẹ ìwé ẹ̀sùn náà fúnra rẹ̀, ojú ewé mẹ́rin, kò sí àṣìtẹ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n dá ọjọ́ fún un.

Yàrá tí wọ́n jókòó sí kò tóbi. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ni, obìnrin kan tó fi okùn so awò ojú kọ́rùn ni alága. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà jókòó lọ́wọ́ òsì, ẹnjiníà wọn kan jókòó tì í. Bàbá Onírélùwéè náà wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù tó fi fẹ̀yìn tì.

Lọ́yà sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní oníbàárà ti tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí, ó sì ti gba gbogbo àdéhùn. Ó ní nítorí àwọn tó ń jí géèmù dà kọ ni wọ́n ṣe so ẹ̀yà mọ́ ẹ̀rọ. Ó wá fi kún un pé, tí a bá tiẹ̀ ní ká sọ òótọ́, bóyá ẹ̀yà jákujàku ni obìnrin yìí fi sí i.

Jẹ́nwòó dìde. "Mo ka àdéhùn náà, mà. Ojú ewé mọ́kànlélógójì ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ fún ẹni tó ń rà á pé wọ́n so ẹ̀yà kankan. Ní ti jákujàku, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìdajì wákàtí."

Ó ti múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ yẹn. Ó gbé ẹ̀rọ méjì jáde nínú báàgì, ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń lò nílé, ó yá èkejì lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ó so wọ́n mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní yàrá náà, méjèèjì ka àwo. Ó tẹ́ aṣọ funfun, ó tú wọn, ó fi ẹ̀yà ti àkọ́kọ́ sínú èkejì, ti èkejì sínú àkọ́kọ́. Méjèèjì kọ̀. Ó dá kálukú padà sí ààyè rẹ̀, wọ́n tún ka àwo. Ó de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn.

Alága gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó kọjú sí ẹnjiníà. "Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀yà wọ̀nyẹn dára?"

"Wọ́n dára, mà."

"Ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá ṣe wọ́n?"

Ẹnjiníà wo lọ́yà. Lọ́yà ń wo ìwé. "Àwa la ní kí ẹ̀rọ kan má gba ẹ̀yà òmíràn," ni ẹnjiníà wí nígbẹ̀yìn. Nígbà tí alága tún bi í bóyá wọ́n lè tú ìdè náà kí olè máà ráyè wọlé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ohun mìíràn ló ń dènà àwọn tó ń jí géèmù dà kọ.

"Ẹ jẹ́ kí àgádágodo olè wà níbẹ̀," Jẹ́nwòó wí. "Onílé ni kí ẹ má ti mọ́ta. A kì í ta ewúrẹ́ ká tún di okùn rẹ̀ mú."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìdájọ́ dé. Ìgbìmọ̀ ní kí ilé-iṣẹ́ náà fún gbogbo atúnṣe tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ètò tí wọ́n fi ń tú ìdè náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ara páálí pé wọ́n so ẹ̀yà mọ́ ẹ̀rọ. Gbogbo ohun tó béèrè kọ́ ló rí gbà. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá ra géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n ní ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó gbà. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ló tẹ ìwé ẹ̀sùn kejì.

Nígbà tí ètò náà dé, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lórí ẹ̀rọ Bàbá. Àwo yí, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá gbé páàdì, àtàǹpàkò rẹ̀ kọ́kọ́ lọ́ra, Bàbá sì ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tu màlúù lójú. Télọ̀ yọjú wá láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ dán an wò ni. Bàbá fi ọwọ́ tí wọ́n ní ó ti kú nà án ní gòólù mẹ́ta sí ẹyọ kan. Télọ̀ ní òòrùn ló ń ràn sí òun lójú, kí wọ́n tún un gbá. Jẹ́nwòó ní kí àwọn méjèèjì sún kúrò nídìí fèrèsé, òun ò ríran, áyọ́ọ̀nù ẹnìkan wà nílẹ̀ tí òun fẹ́ tú.